Báwo ni ìjọ ṣe lè ran àwọn aláìní lọ́wọ́ tí kò fi ní dìjà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ ìtọ́jú aláìní nínú ìjọ wa, èyí tá à ń pè ní wẹ́lífíà. Ìjọ wa ò tóbi, àmọ́ àwọn èèyàn wa lawọ́. Lọ́dún tó kọjá, a kó ẹrù jọ, a sì kéde pé kí ẹni tó bá nílò ìrànlọ́wọ́ wá gbà á. Ńṣe ni èrò ya bò wá. Àwọn kan gbà lẹ́ẹ̀mejì, ẹrù sì tán kó tó kan àwọn míì. Opó kan wà tí gbogbo wa mọ̀ pé nǹkan ò rọgbọ fún, kò tiẹ̀ yọjú. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé a ṣojúsàájú, àwọn míì ní a ti kówó jẹ. Pásítọ̀ ní ká tún un ṣe lọ́dún yìí. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé ọmọ ìjọ nìkan ló yẹ ká ràn lọ́wọ́, àbí gbogbo èèyàn?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, Alága. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń bá àwọn ìjọ ṣètò irú ìrànlọ́wọ́ báyìí, mo sì lè fi yín lọ́kàn balẹ̀ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín ti pẹ́ láyé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1617, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Châtillon nílẹ̀ Faransé, wọ́n wá sọ fún àlùfáà ibẹ̀, Vincent de Paul, bó ṣe ń múra ìsìn, pé àìsàn ti dá gbogbo ará ilé kan dùbúlẹ̀, débi pé kò sẹ́ni tó lè tọ́jú ẹnì kejì. Ó mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ náà nínú ìwàásù. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ọ̀nà ilé yẹn ti kún fún èrò, àwọn kan ń gbé oúnjẹ lọ, àwọn kan ti ń bọ̀. Inú àlùfáà dùn, àmọ́ ó rí i pé èyí tí wọ́n ò bá lè jẹ lọ́jọ́ náà á bàjẹ́ ni, ebi á sì tún padà dé. Ló bá kó àwọn obìnrin ìlú jọ. Wọ́n pín ọjọ́ láàárín ara wọn, wọ́n yan ẹni tí owó máa wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ti ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ kí ọdún náà tó parí. Àánú ò wọ́n wọn, ètò ni wọn ò ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiyín ṣe rí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ní kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ jáwọ́ nínú ìkéde yẹn. Ẹni tó láyà ni ìkéde láti orí pẹpẹ máa ń pè jáde. Ẹni tí ojú ń tì ò ní wá tò, pàápàá níwájú àwọn tí wọ́n jọ ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ìdí nìyẹn tí opó tẹ́ ẹ sọ yẹn ò fi yọjú. Òun gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀ wò, lọ́sẹ̀ yìí, kẹ́ ẹ má dúró de ìpàdé kankan.

Báwo lẹ ṣe máa mọ àwọn tó kù? Àwọn kan wà nínú ìjọ tí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú ìgbìmọ̀. Tíṣà ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi mọ ọmọ tí kì í jẹun kó tó wá. Àwọn tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti kí èèyàn káàbọ̀ mọ ẹni tí wọn ò rí mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọmọ ìjọ yín mọ irú ìdílé tó máa ń sá fún owó oògùn (kò gbọ́dọ̀ tú àṣírí aláìsàn fún yín o, àmọ́ ó lè fún aláìsàn ní nọ́ńbà yín). Ẹ wá pín àdúgbò tẹ́ ẹ wà sí ọ̀nà mélòó kan, kẹ́ ẹ sì fa ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ẹnì kan lọ́wọ́. Pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Thomas Chalmers ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìjọ St John's ní ìlú Glasgow, nílẹ̀ Scotland, láti ọdún 1819: ó pín àdúgbò ìjọ náà sí 25, díákónì kan sì ń bójú tó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò fara mọ́ gbogbo èrò ọkùnrin yẹn, torí ó gbà pé ìjọ lè gbọ́ bùkátà àwọn aláìní láìsí pé ìjọba gba owó orí nítorí wọn. Àmọ́ ti pípín àdúgbò yẹn bọ́gbọ́n mu, torí ẹni tó ní ilé díẹ̀ lábẹ́ ara rẹ̀ máa mọ̀ wọ́n lóòótọ́.

Ilé tẹ́ ẹ máa lọ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ẹ má ṣe lọ ní ẹnì kan ṣoṣo, èèyàn méjì ni kẹ́ ẹ máa rán, kí obìnrin sì wà níbẹ̀ tó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ bẹ̀ wò. Ẹ pè é lórí fóònù ṣáájú, kó má bàa jẹ́ pé ẹ kàn já lù ú. Ẹ má wọ aṣọ ẹgbẹ́, ẹ má sì gbé ọkọ̀ tí wọ́n kọ orúkọ ìjọ sí dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti jókòó, ẹnì kan ni kó máa bá a sọ̀rọ̀, kí ìkejì máa fetí sílẹ̀, kó sì máa fojú wo nǹkan. Ẹ má mú ìwé àti bírò jáde níbẹ̀. Ẹ̀rù máa ń ba èèyàn tí wọ́n bá ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, ohun tó bá rò pé ẹ fẹ́ gbọ́ lá sì máa sọ. Tẹ́ ẹ bá jáde, ẹ kọ ọ́.

Ẹ má bi í pé "Kí lẹ fẹ́ ká ṣe fún yín?" Ẹni tí wọ́n bá bi bẹ́ẹ̀ á dárúkọ ohun tó mọ̀ pé ìjọ máa ń fúnni. Ẹ bi í pé, "Látìgbà wo ni nǹkan ti rí báyìí? Kí ló ti ń ṣẹlẹ̀?" Ẹ bi í pé, "Ta ló ti ń bá yín gbé e?" Kẹ́ ẹ wá bi í pé, "Nínú gbogbo ẹ̀, èwo ló jẹ́ pé tó bá kúrò nílẹ̀, ẹ máa lè mí?" Ìdáhùn tó máa fún yín sí ìbéèrè yìí sábà máa ń yàtọ̀ sí ohun tó kọ́kọ́ sọ. Ẹ jẹ́ ká sọ pé télọ̀ kan ní kẹ́ ẹ bá òun san owó ilé. Tẹ́ ẹ bá jókòó tì í dáadáa, ẹ lè wá gbọ́ pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ti dákẹ́ láti oṣù mélòó kan, òun ló fà á tí owó ilé fi wọlé sí i lọ́rùn. Tẹ́ ẹ bá san owó ilé yẹn nìkan, ó di dandan kó padà wá. Tẹ́ ẹ bá tún ẹ̀rọ ṣe pẹ̀lú rẹ̀, ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má gbọ́ ọ̀rọ̀ owó ilé mọ́. Tó bá sì jẹ́ owó ilé tàbí owó ilé ìwòsàn lẹ máa san, ẹ san án fún onílé tàbí ilé ìwòsàn fúnra wọn, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì. Kì í ṣe pé ẹ ò fọkàn tán an. Owó tó bá wà lọ́wọ́ ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn, ẹni tó bá kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn lára àwọn tó jẹ lówó ló máa gbà á.

Àìní ò rí bákan náà, ẹ má sì fi ìlànà kan náà bójú tó gbogbo rẹ̀. Ilé tó jóná lálẹ́ àná, ẹni tí ọkọ rẹ̀ kú ní kùtù òwúrọ̀, ìwọ̀nyẹn ò lè dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ dá iye kan lé tí àwọn méjì tó lọ bẹ̀ wọ́n wò lè ná lójú ẹsẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n kàn jábọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń wáṣẹ́ tàbí tó ń kọ́fẹ padà látinú àìsàn nílò ìrànlọ́wọ́ tó ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jọ tún un gbé yẹ̀ wò, kẹ́ ẹ sì ti sọ ọjọ́ náà fún un látìbẹ̀rẹ̀. Àmọ́ àgbàlagbà tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí ẹni tó ní àìlera tí kò lọ bọ̀rọ̀, ẹ má ní kí ó máa wá ṣàlàyé ara rẹ̀ ní oṣooṣù bí ẹni ń jẹ́jọ́. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí tiẹ̀ máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìbéèrè. Nínú Tímótì Kìíní orí 5, a rí i pé wọ́n ní irú ìwé orúkọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn opó, kò sì sẹ́ni tí wọ́n ń kọ síbẹ̀ tí kò tíì pé ẹni 60 ọdún. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ pé kí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ kọ́kọ́ tọ́jú opó tiwọn. Torí náà, ẹ béèrè nípa ẹbí. Nígbà míì, ìpè kan láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ sí ọmọ tó ti gbàgbé ìyá rẹ̀ á ṣe ju owó lọ.

Ẹ dákun, ẹ má yáni lówó látinú àpò wẹ́lífíà. Àwọn kan á ní yíyá ló ń gbé iyì èèyàn ró. Ẹni tí kò bá rí owó náà san, ìjọ ló máa kọ́kọ́ sá fún, ẹ ò sì ní rí i mọ́. Ẹ fún un, tàbí kẹ́ ẹ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé ẹ ò lè fún un.

Ní ti àwọn tó ń kùn, ẹ lọ tún Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 6 kà. Àwọn Júù tó ń sọ èdè Gíríìkì ló fẹ̀sùn kàn pé wọ́n ń fo àwọn opó àwọn dá nígbà ìpínfúnni ojoojúmọ́. Àwọn àpọ́sítélì ò bá wọn jà. Wọ́n ní kí ìjọ yan ọkùnrin méje, orúkọ Gíríìkì sì ni gbogbo àwọn méje náà ń jẹ́, láti orí Sítéfánù dé orí Níkólásì. Ó jọ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kùn gan-an ni wọ́n ti mú wọn. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá mú ẹni tó ń pariwo jù lára àwọn tó ní ẹ ṣojúsàájú, màá sì fi sínú ìgbìmọ̀. Tọ́rọ̀ bá sì kan ẹbí ọmọ ìgbìmọ̀ kan, kí onítọ̀hún dìde jáde títí wọ́n á fi pinnu. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jáde.

Owó wẹ́lífíà gbọ́dọ̀ ní àkáǹtì tirẹ̀, èèyàn méjì tí kì í ṣe ẹbí ló sì gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ sí i. Mi ò gbà kí pásítọ̀ jẹ́ ọ̀kan lára wọn, fún ààbò òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó owó jọ fún àwọn ará ní Jerúsálẹ́mù, Pọ́ọ̀lù ní kí àwọn arákùnrin míì bá Títù lọ, tó fi mọ́ ẹni tí àwọn ìjọ fúnra wọn yàn, ó sì sọ ọ́ nínú Kọ́ríńtì Kejì orí 8 pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí nǹkan wí sí àwọn lórí owó náà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ ka ìròyìn sétígbọ̀ọ́ ìjọ: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye ìdílé tẹ́ ẹ ràn lọ́wọ́, ohun tẹ́ ẹ ná an lé. Ẹ má dárúkọ ẹnì kankan. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ fi máa pe ìdílé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé yín, kí ìwé tí orúkọ gan-an wà nínú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹni méjì péré. Ìwé yìí náà ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ tètè mọ ẹni tó fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀mejì, láìsí pé ẹnikẹ́ni ń tò.

Ẹ tún béèrè bóyá ọmọ ìjọ nìkan ni. Rárá o. Julian, olú ọba Róòmù tó jọba láti ọdún 361 sí 363, kórìíra ẹ̀sìn Kristẹni gan-an, síbẹ̀ ó kọ̀wé ráhùn sí àlùfáà àgbà ẹ̀sìn tiẹ̀ kan pé kì í ṣe aláìní tiwọn nìkan ni àwọn Kristẹni ń tọ́jú, wọ́n tún ń tọ́jú aláìní àwọn abọ̀rìṣà mọ́ ọn, ìtìjú ló sì jẹ́ fún àwọn. Ohun tí mo máa ń dábàá ni pé kẹ́ ẹ ti pín owó náà sọ́nà méjì kí ọdún tó bẹ̀rẹ̀, apá kan fún ọmọ ìjọ, apá kan fún ará ìta, kí ìkan má bàa jẹ èkejì run. Kí ará ìta má sì jókòó gbọ́ ìwàásù kó tó gba nǹkan. Tó bá béèrè nípa ìgbàgbọ́ yín, ẹ dá a lóhùn. Tí kò bá béèrè, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ. Ti fọ́tò ńkọ́? Ẹ má yà á. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń fowó ṣètìlẹ́yìn máa ń fẹ́ rí i. Ẹ fi rìsíìtì àti ìròyìn hàn wọ́n.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó ju agbára yín lọ. Tẹ́ ẹ bá dé ilé kan tẹ́ ẹ rí i pé wọ́n ń lu ẹnì kan tàbí wọ́n ń fìyà jẹ ọmọdé, ọ̀rọ̀ adájọ́ àti àwọn aláṣẹ nìyẹn, ẹ má parí ẹ̀ sínú ọ́fíìsì pásítọ̀. Ẹ̀yin fúnra yín, kí àgbàlagbà kankan má dá wà pẹ̀lú ọmọ ọlọ́mọ nínú yàrá nítorí pé ó wá ṣe iṣẹ́ ìjọ. Ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń dà láàmú tàbí tí oògùn olóró ti mú lẹ́rú nílò dókítà mọ́ àdúrà. Ẹ ní ìwé kan tẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà ilé ìwòsàn, agbẹjọ́rò, àti ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó irú nǹkan wọ̀nyí sí. Tẹ́ ẹ bá darí èèyàn síbẹ̀, ẹnì kan nínú yín ni kó bá a débẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, torí ọ̀pọ̀ máa ń ti ẹnu ọ̀nà padà.

Lọ́dún yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀nba ìdílé tí ọwọ́ yín ká. Kí àwọn tó ń lọ bẹ èèyàn wò sì máa gbà á fún ara wọn, kó má bàa jẹ́ pé àwọn méjì kan náà ló ń gbọ́ gbogbo ìṣòro ìlú ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ọdún méjì tó fún ẹnì kan lórí ìgbìmọ̀, lẹ́yìn náà kó lọ sinmi fún bí ọdún kan, kí ẹlòmíì sì ti máa tẹ̀ lé e kiri látìgbà tó bá ku oṣù mẹ́ta tó máa fipò sílẹ̀.