"Àbá ní í di òótọ́": ìdajì òwe lẹ̀ ń pa

Ẹ béèrè pé ṣé àbá tí àwọn onímọ̀ ìṣirò àti àwọn onímọ̀ ọgbọ́n-orí ń dá bá àbá inú òwe wa mu, èyí tó ní "Àbá ní í di òótọ́." Ó bá a mu dáadáa. Àmọ́ inú ń bí mi sí ohun tí mo gbọ́ lórí rédíò ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Oníwàásù kan ní ìtumọ̀ òwe yẹn ni pé ohunkóhun téèyàn bá ti fẹnu ara rẹ̀ sọ, dandan ni kó ṣẹ. Irọ́ gbáà! Ìwúre nìyẹn. Ọ̀tọ̀ ni àbá.

Àwọn àgbà tó tọ́ wa ní àdúgbò Ìrẹ̀mọ kì í gé òwe náà sí méjì: "Àbá ní í di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ ká dá àbá." Kí ló kan ojo níbẹ̀? Ẹni tó ń súre, ẹ̀rù kí ni yóò bà á? Ṣùgbọ́n ẹni tó dá àbá ti gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síta kí aráyé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì lè já a nírọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ohun tí ojo ń sá fún gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá ṣàlàyé ohun tí ojo ń ṣe nínú òwe náà fún mi.

Ẹ wo Goldbach, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Jámánì, tó kọ lẹ́tà sí Euler, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, ní June 1742. Bí a ṣe ń sọ àbá rẹ̀ lónìí rèé: nọ́ńbà yòówù tó ju 2 lọ, tó sì ṣeé pín sí méjì dọ́gba, àròpọ̀ nọ́ńbà méjì ni, irú èyí tí nǹkan kan kò lè pín geere àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. 10 jẹ́ 3 àti 7. 28 jẹ́ 5 àti 23. Kọ̀ǹpútà ti yẹ̀ ẹ́ wò dé orí 4 tí òdo 18 tẹ̀ lé, kò tíì kùnà. Síbẹ̀, àbá ni, torí nọ́ńbà kò lópin, a ò lè yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan tán.

Òwe ò sì sọ pé gbogbo àbá ní í di òótọ́ o. Fermat, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Faransé, kó nọ́ńbà jọ: 3, 5, 17, 257, 65,537. Yọ 1 kúrò nínú èyí tó o wà lórí rẹ̀, fi ìyókù sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, fi 1 kún un, o ti dé èyí tó kàn. Ó ní kò sí èyí tí nǹkan kan lè pín geere láéláé, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ní 1732, Euler fi 641 pín èyí tó tẹ̀ lé e, 4,294,967,297, ó sì pín geere. Àbá Fermat wó, ṣùgbọ́n Fermat fúnra rẹ̀ kì í ṣe ojo.

Karl Popper, onímọ̀ ọgbọ́n-orí, ní bí sáyẹ́ǹsì ṣe ń lọ síwájú náà nìyẹn: a dá àbá, a sì gbìyànjú láti já a nírọ́. Nílé wa níbí, ní Fásitì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, onímọ̀ ọgbọ́n-orí àwọn méjèèjì, jókòó ti àwọn oníṣègùn, wọ́n rí i pé ohun tí Yorùbá fojú ara rẹ̀ rí ló ń pè ní ìmọ̀. Èyí tí wọ́n kàn sọ fún un, ìgbàgbọ́ ni, títí a ó fi dán an wò. Àwa tí a ní irú òye yìí la wá ń sọ àbá di àdúrà! Àlọ́ àpamọ̀ tí ọmọdé fi ń kọ́ bí a ṣe ń dáhùn, kí á ṣì í, kí á tún dá òmíràn, ẹ ti jẹ́ kó parẹ́ nílé yín.

Ẹ tún béèrè ìgbà tí àbá kì í jẹ́ àbá mọ́. Ìgbà tí ẹ̀rí bá dé ni. Àbá mìíràn tí Fermat kọ sí etí ìwé ní nǹkan bí 1637 dúró títí Andrew Wiles, onímọ̀ ìṣirò, fi tẹ ẹ̀rí rẹ̀ jáde ní 1995.