Èsì: Rẹfirí lé àbúrò mi jáde torí eyín irin abẹ́ bàtà, ṣé òfin gbè é?

Ẹ̀gbọ́n, òfin gbè é. Òótọ́ lẹ sọ pé Òfin 4 bọ́ọ̀lù, èyí tó dá lórí ohun tí agbábọ́ọ̀lù ń wọ̀, kò ka irin léèwọ̀, àmọ́ ó ka ohunkóhun tó lè ṣe ẹnì kan léṣe léèwọ̀. Ojú rẹfirí ló sì máa fi wò ó. Eyín tó ti mú bí abẹ kò ní àwíjàre.

Orí kọnkéré ló ti sábà máa ń mú, láti ibi tí wọ́n ti ń wọ bàtà dé orí pápá. Irin á máa ha sílẹ̀, etí rẹ̀ á wá rí bíi ti agolo mílíìkì tí wọ́n fi ọ̀bẹ ṣí. (Èmi náà ti fi irú ẹ̀ ya ìbọ̀sẹ̀ ara mi rí.)

Kí àbúrò yín tó tún wọ pápá:

1. Kó fi àtàǹpàkò yí etí eyín kọ̀ọ̀kan po. Èyí tó bá ha á lọ́wọ́, kó pààrọ̀ rẹ̀.
2. Kó fún gbogbo wọn le, kó má sì gbàgbé ti gìgísẹ̀.

Bó bá jẹ́ pápá oníkoríko àtọwọ́dá ni, kó gbé irin sílé. Àwọn tó ni pápá sábà máa ń fòfin dè é, bó ti wù kó dán tó.

Kì í ṣe pé wọ́n fún un ní káàdì o. Bó bá ti tún un ṣe, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ó lè padà wọlé. Àmọ́ bó bá sáré wọlé láìgbàṣẹ, káàdì yẹ́lò nìyẹn.