Fólítéèjì bátìrì sódíọ̀mù tó ṣàdédé já wálẹ̀: ṣé ó ti balẹ̀ ni àbí ó ti bàjẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Másítà ni mò ń ṣe lórí bátìrì sódíọ̀mù tí electrolyte ẹ̀ (ohun àárín tí ion, ìyẹn átọ́ọ̀mù sódíọ̀mù tó ní iná lára, ń gbà kọjá) le bíi séráámíìkì, NASICON, irú séráámíìkì kan tó ń jẹ́ kí ion sódíọ̀mù kọjá, ni mo lò, pellet ẹ̀ (pẹlẹbẹ rẹ̀ tí mo sun) nípọn tó 1 mm, sódíọ̀mù wà lójú méjèèjì. Resistance ẹ̀ ga gan-an látìbẹ̀rẹ̀, tí mo bá ń fún un níná fólítéèjì á máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó yá ló ṣàdédé já wálẹ̀ tó sì dúró gbọọrọ. Ọ̀rẹ́ mi ní lábù ní ó ti balẹ̀ nìyẹn, pé ara ẹ̀ ti dúró dáadáa. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Àbí kí n wá nǹkan tí mo máa fi kun ojú ẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò, kò balẹ̀ o, ó jọ pé ó ti bríìjì ni, ìyẹn ni pé sódíọ̀mù ojú méjèèjì ti kanra nínú pellet. Bó o ṣe máa mọ̀ dájú rèé, kọ́kọ́ ṣírò resistance pellet yẹn fúnra ẹ̀. Tí conductivity (bí ion ṣe ń rọrùn kọjá tó) NASICON tó o sun bá jẹ́ 5 × 10⁻⁴ S/cm, pellet 1 mm tí ojú ẹ̀ fẹ̀ tó cm² kan máa ní 200 ohm. Bó ti wù kó o tún ojú ẹ̀ ṣe tó, kò sí bí gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ ṣe máa kéré sí 200 ní ìwọ̀n ooru kan náà, torí inú pellet yẹn ni ion gbọ́dọ̀ gbà kọjá dandan. Tún impedance ẹ̀ (resistance tí wọ́n fi iná AC wọ̀n) wọ̀n báyìí tí fólítéèjì ti já. Tó bá jẹ́ 30 tàbí 50 lo rí, sódíọ̀mù ti hù já láti ojú kan dé èkejì nìyẹn, ẹlẹ́kítírónì ló ń gba ibẹ̀ sáré kọjá. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i táwọn èèyàn ń fi irú ìlà gbọọrọ yẹn hàn bí àṣeyọrí, torí ẹni tó bá gbà wọ́n gbọ́ á kàn máa fàkókò ṣòfò ni.

Resistance tó ga látìbẹ̀rẹ̀ yẹn, ojú pellet ẹ ni kò mọ́. NASICON tó bá ti rí atẹ́gùn àti ọ̀rinrin, sodium carbonate máa ń bo ojú ẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí èèyàn ò lè fojú rí, kì í sì í jẹ́ kí ion kọjá dáadáa, kódà tó o bá yọ́ sódíọ̀mù lé e lórí, bí 98 °C ló ti ń yọ́, ńṣe ló máa ká jọ róbótó bí omi orí ewé kókò. Gbé pellet náà wọ glove box (àpótí tí afẹ́fẹ́ ìta kì í wọ̀), fi sandpaper ha ojú ẹ̀ ní gbígbẹ nínú argon, yá a níná níbẹ̀ kí ọ̀rinrin lọ tán, kó o wá mú sódíọ̀mù tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gé èèpo ara ẹ̀ kúrò, tó ṣì ń dán, kó o tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kó o sì wọ̀n ọ́n. Èmi ò ní náwó lórí nǹkan ìkunjú kankan kí n tó ṣe ìyẹn ná. Tó bá ṣì ga lẹ́yìn ẹ̀, SnO₂ fẹ́lẹ́ máa ń ṣiṣẹ́, torí sódíọ̀mù á bá tin inú ẹ̀ ṣe alloy, á sì lẹ̀ mọ́ ọn.

Fólítéèjì tó ń gòkè ní tiẹ̀, ihò ló fà á. Tó o bá fa 1 mA/cm² fún wákàtí kan, nǹkan bíi 9 micrometre sódíọ̀mù ló máa kúrò lójú kan, èyí tó wà lẹ́yìn sì gbọ́dọ̀ sún wá dí àyè yẹn. Tí kò bá tètè sún, ihò kéékèèké á ṣí, ibi tí wọ́n ti fara kanra á dín kù, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì á wá máa rọ́ gba ibi díẹ̀ tó kù, tó o bá yí iná padà, ibẹ̀ gan-an ni dendrite, ìyẹn sódíọ̀mù tó ń hù bíi gbòǹgbò, á ti wọlé sínú pellet. Ìgbà tó ò ń fa sódíọ̀mù kúrò ló ń bàjẹ́, ìgbà tó ò ń dá a padà ló máa ń hàn.

Ìtẹ̀ àti ooru ló ń dí ihò yẹn. Sódíọ̀mù rọ̀ ju lithium lọ, torí náà megapascal díẹ̀ ti lè tó, àmọ́ nínú coin cell (bátìrì pẹlẹbẹ bíi owó ẹyọ) o ò tiẹ̀ ní mọ iye tó ń tẹ̀ ẹ́, wá èyí tó ní skúrù tó sì ní ohun tó ń ka ìtẹ̀. Má tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀jù ṣá, pàápàá tí pellet ẹ bá ní ihò nínú, torí sódíọ̀mù á rá wọ ibẹ̀. Sun ún kó ki dáadáa, kó tó 95% sókè nínú bó ṣe máa ki tó ká ní kò ní ihò kankan. Gbé e sí 60 °C náà kó o wò ó, tí fólítéèjì ò bá gòkè bíi tẹ́lẹ̀ mọ́ tí kò sì tíì já, ihò ló wà nídìí ẹ̀ lóòótọ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ṣe òmíì tí o ò ní fún níná rárá, kó o máa wọn impedance ẹ̀ lójoojúmọ́. Tó bá ń ga fúnra ẹ̀, sódíọ̀mù ló ń jẹ electrolyte. Pẹ̀lú NASICON ìyẹn kì í sábà pọ̀, ti sulfide bíi Na₃PS₄ ló le, Na₂S àti Na₃P ló ń yọ níbẹ̀, Na₃P sì ń gbé ẹlẹ́kítírónì kọjá, ìyẹn ni kì í jẹ́ kí jíjẹ yẹn dúró. Tó o bá bọ́ sórí irú ẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, ìkunjú ti di dandan nìyẹn.

Tó o bá ti wá ṣe pellet tuntun, bẹ̀rẹ̀ láti 0.05 mA/cm², kó o máa fi díẹ̀díẹ̀ gbé e sókè, kó o máa wo ìrísí ìlà fólítéèjì nígbà tó ò ń fa sódíọ̀mù. Tí ìparí ìlà yẹn bá ti ń gbé sókè, dúró síbẹ̀, kọ kọ́rẹ́ǹtì yẹn sílẹ̀ pẹ̀lú ìtẹ̀ àti ìwọ̀n ooru tó o lò.