Ìnhélà Mọ́mì kò ràn wọ́n mọ́? Ẹ wo oògùn tí wọ́n ń kán sójú

Ẹ kú ìtọ́jú Mọ́mì o. Ẹ ní Ventolin, ìnhélà ikọ́-fée wọn, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ mọ́, láti ìgbà tí dókítà ojú ti fún wọn ní timolol fún gìláúkómà. Kí ẹ tó sọ pé ayédèrú ìnhélà ni wọ́n tà fún yín n'Ídúmọ̀tà, oògùn ojú yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ ló yí ọ̀nà èémí ká. Tó bá fún, ọ̀nà a há, àyà a máa súfèé. Salbutamol inú Ventolin máa ń so mọ́ ibì kan lára iṣan náà tó ń jẹ́ beta-2, iṣan a sì dẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni timolol lọ jókòó sí. Bí ìnhélà bá dé, ó bá ẹlòmíì lórí àga. Ẹ̀kán tó bọ́ sójú kì í sì í dúró sójú: ó ń gba ihò omijé bọ́ sí imú, ibẹ̀ ló ti ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Propranolol tí àwọn kẹ́místì ń tà fún àyà tó ń lù kìkì, bákan náà ni.

Ẹ má dá oògùn ojú dúró fúnra yín o, gìláúkómà ń fọ́ni lójú. Ẹ pe dókítà ojú lónìí, kí ẹ sọ pé Mọ́mì ní ikọ́-fée. Ó lè pààrọ̀ rẹ̀ sí latanoprost, oògùn ojú mìíràn tí kì í dí beta-2. Tó bá dárúkọ betaxolol, tó jẹ́ ẹbí timolol, ẹ bi í léèrè dáadáa. Ó sàn ju timolol lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì lè mú ọ̀nà èémí há.

Bí ikọ́-fée bá dìde ńkọ́? Ẹ mi ìnhélà, ẹ fi spacer (ike oníhò tí wọ́n ń fi sí ẹnu ìnhélà) sí i, kí ẹ fín in lẹ́ẹ̀kan, kí Mọ́mì fi ẹnu fà á sínú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó fín òmíràn. Ìfín kan jẹ́ máíkírógíráàmù 100. Ìfín 4 sí 10 ni, ní ìṣẹ́jú 20-20 láàárín wákàtí àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn ni kí ẹ ti máa ṣe é. Èyí tó bá súnmọ́ jù ni kí ẹ gbà lọ. Ẹ má torí dókítà tó mọ̀ wọ́n lọ há sínú gosiló Third Mainland. Ẹ sọ fún wọn níbẹ̀ pé timolol ń bẹ lára, kí wọ́n lè fi ipratropium, oògùn mìíràn tó ń la ọ̀nà èémí, kún un. Ọ̀nà mìíràn lòun ń gbà: acetylcholine, èròjà inú ara tó ń pàṣẹ pé kí iṣan fún, ló ń dí, kò sí bí timolol ṣe fẹ́ dá a dúró.