Orin Dáfídì 136: ohùn ni kó o gbọ́, má wulẹ̀ wá ráìmù

Àbúrò tó ní wọ́n fún òun ní Orin Dáfídì 136 kóun ṣàlàyé mítà (bí ìlà ewì ṣe ń lù), ráìmù (ìparí ìlà tó dún jọra) àti àwítúnwí inú ẹ̀, tó ti ń wá ráìmù látàná tí kò rí nǹkan kan, jọ̀ọ́ sinmi ná. Ìyà yẹn ti jẹ mí rí. Mítà Òyìnbó ni mo gbé lé e lórí nígbà tèmi, mò ń pín in sí ibi tó wúwo àti ibi tó fúyẹ́, mo wá yọ ègbè ẹ̀ kúrò pátápátá torí mo rò pé ọ̀rọ̀ kan náà ló kàn ń tún sọ, máàkì tí mo gbà lọ́jọ́ yẹn, ẹkún ni mo sun délé.

Ohùn la ní ní Yorùbá. Gbé ègbè yẹn, "nítorí tí àánú rẹ̀ dúró láéláé", sílébù 14 ni. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀ níbi "à" tó bẹ̀rẹ̀ àánú, ó tún wálẹ̀ níbi "rẹ̀", àmọ́ tó bá ti dé "dúró", ohùn òkè ni gbogbo ẹ̀, sílébù 6 gbáko, kò wálẹ̀ mọ́ títí tó fi parí. Ó ní àánú dúró, ohùn náà sì dúró sókè! Ṣùgbọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé inú ìtumọ̀ Yorùbá lèyí wà o, torí ní Hébérù, èdè tí wọ́n kọ́kọ́ fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ 3 péré ni, ki leolam hasdo.

Gbogbo ẹsẹ 26 ló parí sí láéláé, ìyẹn kì í ṣe ráìmù, lílé àti ègbè ni. Ilé wa níbi àdúrà alẹ́ ló ti yé mi, màmá mi ń lé, àwa ọmọ ń gbè. Wo ẹsẹ 17 dé 22, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, ègbè ń já lu ú: ó kọlu àwọn ọba ńlá, ègbè, Síhónì ọba àwọn ará Ámórì, ègbè, Ógù ọba Báṣánì, ègbè. Ọba kan ò lè ṣubú kí wọ́n má dárúkọ àánú kí wọ́n tó kan èkejì. Tó o bá yọ ègbè bíi tèmi, ìròyìn ogun lásán ló kù.

Wá ẹni tí á máa gbè é fún ẹ lálẹ́ òní, kà á sókè kó o tó kọ ohunkóhun.