Ojú wáyà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkùnrin kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ta yẹtí wúrà kan fún mi. Ó ní ti àwọn Gíríìkì àtijọ́ ni, pé ó ti lé ní 2,000 ọdún, ó sì fi fọ́tò irú rẹ̀ tó wà ní mùsíọ́ọ̀mù hàn mí. Báwo ni ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ ṣe ń dá ojúlówó mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì sanwó. Irú fọ́tò yẹn gan-an ni àwọn tó ń ṣe ayédèrú ń wò ṣe iṣẹ́ wọn.

Mùsíọ́ọ̀mù pàápàá ti jìn sí kòtò yìí rí. Ní 1896, Louvre ní Paris fi 200,000 fránkì ra adé wúrà kan. Ohun tí wọ́n fín sí i lára lédè Gíríìkì ni pé àwọn ará Olbia, létí Òkun Dúdú, ló fi ta ọba Saitapharnes lọ́rẹ. Adolf Furtwängler, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, pariwo pé ayédèrú ni. Louvre ò gbà á gbọ́. Ní 1903 ni Israel Rouchomovsky, alágbẹ̀dẹ wúrà láti Odessa, dé Paris, tó ní òun lòun ṣe é. Wọ́n ní kó ṣe apá kan lójú àwọn, ó sì ṣe é. (Òun kọ́ ló rẹ́ wọn jẹ o. Ohun tí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún un sọ ni pé ẹ̀bùn ni àwọn fẹ́ fi ṣe.) Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ara adé náà ni wọ́n tẹjú mọ́ jù, wọn ò wo ọwọ́ tó ṣe é.

Wúrà kì í dógùn-ún, nítorí náà dídán rẹ̀ ò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Wáyà wúrà tí wọ́n fi ṣe nǹkan ọ̀ṣọ́ náà ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Láyé àwọn Gíríìkì yẹn, wọn kì í fa wáyà gba ojú ihò irin bíi tòde òní. Wúrà pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń lọ́ bí ẹni lọ́ okùn, wọ́n á wá máa yí i lórí nǹkan tó tẹ́jú títí yóò fi rí róbótó. Ìyẹn máa ń fi ilà sílẹ̀ tó lọ́ yí wáyà ká. Èyí tí wọ́n fà gba ojú ihò, ilà tirẹ̀ a máa gùn tààrà. Tí ẹ bá rí ilà tààrà, ẹ fura. Tí ẹ bá sì rí ilà tó lọ́, ẹ má tíì yọ̀, torí àwọn ọ̀jáfáfá ayédèrú náà ti mọ èyí.

Ẹ tún wo ibi tó ti jẹ. Ojú ibi tí yẹtí ti ń ha ara ló yẹ kó jẹ. Bí kọ̀rọ̀ inú náà bá jẹ bákan náà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ha á ni.

Ìfura náà sì lè ṣini lọ́nà. Pín-ìnnì wúrà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń so aṣọ, wà ní Róòmù tí wọ́n gbé jáde ní 1887, tí wọ́n fín èdè Látìn àtijọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi pè é ní ayédèrú. Ní 2011 ni wọ́n fi ẹ̀rọ wo ojú wúrà náà, wọ́n rí ìyípadà tó jẹ́ pé ọ̀rúndún púpọ̀ nìkan ló lè fà á. Ojúlówó ni.

Ní ti yẹtí yín, ẹ bi ọkùnrin náà pé: níbo ni wọ́n ti wú u, ta ló sì ní in ṣáájú 1970, ọdún tí UNESCO ṣe àdéhùn láti dènà òwò nǹkan àtijọ́ lọ́nà àìtọ́? Bí kò bá ní ìwé, kódà kó jẹ́ ojúlówó, ó lè jẹ́ ẹrù olè. Èmi ò ní rà á.