Ṣé kámà àti ẹ̀san, nǹkan kan náà ni?

Ẹni tó bèèrè pé kámà táwọn ẹlẹ́sìn Búdà ń sọ yìí àti ẹ̀san tiwa, ṣé ọ̀kan náà ni, ẹ kú ìbéèrè o. Wọ́n jọra àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ó sì máa ń dùn mí bá a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ yẹn, olè bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá, a ní kámà ti mú un, aládùúgbò dùbúlẹ̀ àìsàn, a tún ní kámà ni.

Ohun tí kámà túmọ̀ sí lédè Sáńsíkírì, èdè àtijọ́ kan ní Íńdíà, ò ju ìṣe lọ, ìyẹn nǹkan téèyàn ṣe. Kamma ni wọ́n ń pè é lédè Pálì, èdè tí wọ́n fi kọ àwọn ìwé ẹ̀sìn Búdà àtijọ́. Èso tí ìṣe yẹn máa so lọ́jọ́ iwájú ní orúkọ tiẹ̀ lọ́tọ̀, vipāka, òun gan-an ló sún mọ́ ẹ̀san tiwa. Búdà, ẹni tó dá ẹ̀sìn náà sílẹ̀, tún wá là á mọ́lẹ̀ pé èrò ọkàn téèyàn fi ṣe nǹkan lòun ń pè ní kámà. Téèyàn bá tẹ èèrà pa láìmọ̀, kò lè rí bákan náà pẹ̀lú ẹni tó rí i tó sì mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́ pa.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Sivaka, ó bi Búdà pé ṣé lóòótọ́ ni pé gbogbo ìyà tó ń jẹ èèyàn, ohun tó ti ṣe sẹ́yìn ló fà á. Búdà ní rárá o. Nǹkan mẹ́jọ ló kà sílẹ̀ tó lè fa ìrora: òróòro, kẹ̀lẹ̀bẹ̀, atẹ́gùn inú ara, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta para pọ̀, kójú ọjọ́ yí padà, kéèyàn má tọ́jú ara ẹ̀ dáadáa, kí ẹlòmíì ṣe é léṣe, ìgbẹ̀yìn pátápátá ló tó wá dárúkọ èso kámà. Torí náà ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá tọ́mọ ẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde pé kámà ló ń jà, Búdà fúnra ẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀.

Kámà kì í sì í ṣe àyànmọ́. Búdà fi iyọ̀ ṣàpèjúwe ẹ̀: ju ìṣù iyọ̀ kan sínú ife omi kékeré, kò ní ṣeé mu, ju ìyẹn náà sínú odò Gáńjíìsì ní Íńdíà, ta ló máa mọ̀? Ẹni tí ìwà rere ẹ̀ ti gbòòrò bí odò, àṣìṣe kékeré tó ṣe ò ní korò fún un tó bó ṣe máa korò fún ẹni tọ́kàn ẹ̀ há.

Ní ti bá a ṣe lè máa lò ó lójoojúmọ́, ohun tó kọ́ Ràhúlà ọmọ ẹ̀ ni mo dì mú. Ó bi í pé kí ni dígí wà fún, ọmọ ní ká fi wo ara ẹni ni, ó ní bákan náà ni kó máa wo ìṣe ẹ̀ kó tó ṣe é, bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́, àti lẹ́yìn tó bá ti ṣe é tán, ṣé ó máa pa èmi tàbí ẹlòmíì lára? Tó bá rí i pé òun ti ṣe tàbí sọ ohun tí ò dáa, kó lọ jẹ́wọ́ fún olùkọ́ ẹ̀ tàbí ọlọ́gbọ́n tí wọ́n jọ wà. Tínú bá ń bí mi tí mo fẹ́ fèsì lórí WhatsApp, màá gbé fóònù sílẹ̀ ná, màá bi ara mi ní ìbéèrè yẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo máa ń pa gbogbo ohun tí mo ti tẹ̀ rẹ́. Èyí tó bá ti lọ kí n tó ronú, mo máa ń pe onítọ̀hún kílẹ̀ tó ṣú.